Láti Orí Àbíkú dé Orí Fòníkú-Fọ̀ladìde: Ìtàn Ìmọ̀ nípa Àrùn Ẹ̀jẹ̀ Àjogúnbá ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn bí Yorùbá ṣe wá mọ àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Èrò wa ni pé kì í ṣe ìṣègùn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ Yorùbá pé àìsàn a máa wà nínú ìdílé. Àṣà ìwádìí ṣáájú ìgbéyàwó ti fi èyí hàn tipẹ́. Àléébù àṣà náà ni pé aláìsàn ni ó ń wá, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ó sábà máa ń gbé àrùn yìí wọ inú ìgbéyàwó. Inú àlàfo yìí ni èrò àbíkú ti rí àyè. A wo bí ìwádìí láti Chicago dé Ìbàdàn àti Ìdí-Àràbà ṣe dí àlàfo náà, a wo ipa tí ewé àti egbò kó, a sì sọ iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́ tí ń fi èdè Yorùbá kọ́ni.

Ìfáárà

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ àgbà yìí bá ọ̀rọ̀ àìsàn àjogúnbá mu, nítorí pé ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀dọ̀ baba àti ìyá, ni a ní láti wò kí a tó lè mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni pé ẹ̀yìn tí a ń wò lè mọ́ tónítóní lójú, kí ó má sì sí aláìsàn kankan níbẹ̀.

Oríta Ojú Ẹlẹ́gbà ní Èkó jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ojúbọ Ẹlẹ́gbà, ìyẹn Èṣù tí a máa ń bọ ní oríta, ni ó fún ibẹ̀ ní orúkọ. Láti oríta kan náà, kò jìnnà dé Ọ̀nà Ìṣàgá ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, èyí tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí LUTH, ti ń ṣiṣẹ́ láti 1962. Ní òdìkejì títì sí LUTH ni ibùdó tí àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria kọ́ fún ìtọ́jú àti ìlànilọ́yẹ̀ lórí fòníkú-fọ̀ladìde wà. Ojúbọ àtijọ́ àti yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá di aládùúgbò ara wọn. Láti ìran dé ìran ni àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn ti wà ní irú oríta bẹ́ẹ̀, tí wọn kò mọ ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Kí ni Yorùbá mọ̀ nípa àìsàn ìdílé kí yàrá àyẹ̀wò tó dé? Kí ni kò jẹ́ kí ìmọ̀ náà ká fòníkú-fọ̀ladìde mọ́? Báwo ni a ṣe wá mọ̀ ọ́n, kí sì ni ìmọ̀ náà ń béèrè lọ́wọ́ wa lónìí?

Orúkọ àrùn náà

Orúkọ tí a fún nǹkan a máa sọ ohun tí àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ rí lára rẹ̀. Fi òní kú, fi ọ̀la dìde: ìṣesí àrùn náà ni Yorùbá fi sọ ọ́ lórúkọ. Aláìsàn tí ó ń ké ìrora lóru àná, tí gbogbo ilé ti sọ̀rètí nù nípa rẹ̀, lè jókòó jẹun ní ọjọ́ kejì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Orúkọ kejì ni àrọ́mọléegun, ohun tí ń rọ́ ọmọ ní eegun. Èyí tọ́ka sí ibi tí ìrora náà ti ń mú aláìsàn: apá, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti oríkèé ara.

Yorùbá nìkan kọ́ ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Felix Konotey-Ahulu ti orílẹ̀-èdè Gánà, ẹni tí ó kọ ìwé ńlá kan lórí àwọn tí ó ní àrùn yìí ní 1991, ti fi hàn pé àwọn Gã ń pè é ní chwechweechwe, àwọn elédè Twi sì ń pè é ní ahotutuo. Ó tún tọpa àrùn náà nínú ìtàn ìdílé tirẹ̀ láàárín àwọn Krobo padà sẹ́yìn títí dé 1670, ní ìran dé ìran. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún onímọ̀ ìtàn: ìrántí ìdílé, bí a bá fara balẹ̀ gbà á sílẹ̀, lè jẹ́ ẹ̀rí ìṣègùn. Ó tún fi hàn pé kí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè tó kọ ohunkóhun nípa àrùn yìí ni àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ibà àti làkúrègbé.

Àìsàn ìdílé àti àṣà ìwádìí

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín àìsàn tí ó dé lójijì tí ó sì lọ, bí ibà, àti àìsàn tí ó bá ènìyàn gbélé. Lára irú èyí tí a ń bá gbélé ni ikọ́ fée, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, làkúrègbé àti wárápá. Wọ́n sì mọ̀ pé àwọn kan nínú àìsàn wọ̀nyí a máa yọjú láti ìran kan sí òmíràn nínú agbo ilé kan náà. Ìmọ̀ yìí ni ó bí àṣà ìwádìí.

Kí àwọn òbí tó fọwọ́ sí i pé kí ọmọ wọn fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, alárinà àti àwọn àgbà ilé yóò ti wádìí. Wọn yóò béèrè bóyá àwọn ará ilé ọ̀hún a máa ní wárápá, bóyá wọ́n a máa ya wèrè, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá ọmọ wọn a máa kú ní rèwerèwe. Ìlú kéré, ilé sì mọ ilé. Kì í pẹ́ tí òótọ́ fi máa ń jáde. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà parí síbẹ̀.

Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún àṣà yìí, ó sì yẹ kí a gbé e lé òṣùwọ̀n. Ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe àjogúnbá. Kòkòrò ni ó ń fà á, gẹ́gẹ́ bí Hansen ti ilẹ̀ Norway ti rí i ní 1873. Wárápá pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wá: ìpalára orí, ìṣòro nígbà ìbí àti ibà tí ó wọ ọpọlọ wà lára ohun tí ń fà á. Nípa bẹ́ẹ̀, àṣà ìwádìí ti lé ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ kúrò nínú ìgbéyàwó. Ní ọ̀wọ́ kejì, ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àrùn kan tí ó jẹ́ àjogúnbá ní tòótọ́. Ìdí ni pé ẹni tí ó ń gbé fòníkú-fọ̀ladìde sínú ìgbéyàwó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó ń roko, ó ń jà, ó ń jó. Orí kì í fọ́ ọ nítorí rẹ̀. Alárinà tí ó bá lọ wádìí nípa rẹ̀ yóò padà wá sọ pé ilé alára líle ni.

Èrò àbíkú

Nígbà tí ìdílé méjì tí ara wọn le bá wá so pọ̀, tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn tí ó sì ń kú, ta ni a ó dá lẹ́bi? Ìwádìí ti dá baba láre, ó ti dá ìyá náà láre. Ọmọ ni ó kù. Àlàyé tí ó wà nílẹ̀ ni pé ọmọ náà ní ẹgbẹ́ ní ọ̀run, pé ó ti dá ọjọ́ tí yóò padà, pé òun kan náà ni ó ń kú tí ó tún ń padà wá.

A. B. Ellis, nínú ìwé tí ó kọ nípa Yorùbá ní 1894, sọ nípa irin àti ṣaworo tí a máa ń so mọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Samuel Johnson pẹ̀lú, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, kọ nípa àbíkú àti orúkọ tí a fi ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn orúkọ náà kò ṣàjèjì sí wa: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé, Dúrósinmí, Bánjókòó, Rótìmí, Kòkúmọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn, ẹ̀sín ni àwọn mìíràn. Níbi tí ẹ̀bẹ̀ kò bá ti ṣiṣẹ́, wọ́n a máa fi ọ̀bẹ tàbí iná sàmì sí ara ọmọ tí ó ti kú, kí ó má baà lè padà wá. Ìyá náà kì í bọ́ nínú ẹ̀sùn. A máa ń béèrè ibi tí ó rìn sí lọ́sàn-án gangan nígbà tí ó wà nínú oyún.

Ǹjẹ́ a lè sọ pé àbíkú àti fòníkú-fọ̀ladìde jẹ́ ohun kan náà? Àwọn onímọ̀ kan ti sún mọ́ èrò yìí. Stuart Edelstein sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 1986, Esther Nzewi sì tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2001, níbi tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn Igbo pè ní ogbanje ni ó ní àrùn yìí. Ohun tí a mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ pẹ̀lú tì wọ́n lẹ́yìn. Ọmọ tí ó ní àrùn náà kì í ṣàìsàn nígbà tí a bí i, nítorí oríṣi ẹ̀jẹ̀ tí ó ti inú oyún gbé wá ń dáàbò bò ó. Nígbà tí ó bá pé bí oṣù mẹ́fà ni ẹ̀jẹ̀ náà ń dínkù, tí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, tí ibà kò sì fi í sílẹ̀. Lójú òbí, ọmọ tí ó wá dáadáa ni ó yí ọkàn padà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ jù. Ìṣirò ráńpẹ́ yóò là wá lọ́yẹ̀. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin láàárín wa ni ó ń gbé àmì àrùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá ń fẹ́ ara wa láìmọ̀, ìgbéyàwó kan nínú 16 ni yóò so irú ẹni méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ wọn ni yóò sì ní àrùn. Èyí já sí ọmọ kan nínú 64. Ikú ọmọdé láyé àtijọ́ pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì: ibà, ìgbóná, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti ipa tí ń mú ọmọ tuntun pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo àbíkú ni ó jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tí a lè sọ láìṣiyèméjì ni pé nínú ilé tí ọmọ ti ń kú tẹ̀léra, tí ilé kejì kò sì rí irú rẹ̀, àrùn yìí wà lára ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ fura sí. Nínú iṣẹ́ tí Grosse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n fojú bù ú pé láàárín ìdajì sí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Áfíríkà ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ohun tí ìwádìí sáyẹ́ǹsì rí

Ní 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, Walter Clement Noel, wọ ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Àìsàn gbé e dé ilé-ìwòsàn, níbi tí Ernest Irons ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó rí roboto ti tẹ̀ bí dòjé. James Herrick, ọ̀gá Irons, tẹ ìròyìn náà jáde ní 1910, òun sì ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé ìṣègùn òyìnbó nípa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Grenada, ó sì ṣe iṣẹ́ dókítà eyín níbẹ̀ títí tí ó fi kú ní 1916. Kí ẹni tí ó bá ní in lọ́kàn pé ọmọ tí ó ní àrùn yìí kò lè dé ibi gíga rántí pé ẹni àkọ́kọ́ tí a kọ nípa rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yege.

Ọdún 1949 ṣe pàtàkì. Ní ọdún náà ni James Neel ní Amẹ́ríkà àti E. A. Beet ní ibi tí a ń pè ní Sáńbíà lónìí fi hàn, olúkúlùkù lọ́tọ̀, pé ọmọ kì í ní àrùn náà àfi bí ó bá jogún àmì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá pọ̀. Ní ọdún kan náà ni Linus Pauling, Itano, Singer àti Wells fi iná mànàmáná ya èròjà ẹ̀jẹ̀ tí ń jẹ́ himoglóbìn sọ́tọ̀, wọ́n sì rí i pé ti aláìsàn yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ní 1957, Vernon Ingram fi hàn pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ nínú èròjà tí a tò bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú himoglóbìn náà. Ẹyọ kan yìí ni ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn inú ara bá dínkù. Sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ a máa dí òpó ẹ̀jẹ̀, ìrora sì bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó dá a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara. Èyí tí ó tẹ̀ kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fi ń tán lára.

Kí ló dé tí àrùn yìí fi pọ̀ láàárín wa? Anthony Allison dáhùn ní 1954: ẹni tí ó gbé àmì kan ṣoṣo kì í tètè kú ikú ibà ẹ̀fọn ní kékeré. Ohun tí ń pa ọmọ kan ni ó ń gba ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ là. Daniel Shriner àti Charles Rotimi, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, fojú bù ú pé nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn ni àmì yìí kọ́kọ́ yọjú ní Áfíríkà. Àmì náà kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àbùkù; ogún àwọn baba ńlá tí ó la ibà já ni.

Láti Ìbàdàn dé Ìdí-Àràbà

Ìmọ̀ yìí kò pẹ́ dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1952, D. B. Jelliffe àti J. Humphreys tẹ àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ 1,881 ọmọ Yorùbá jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni a tún rí i pé oríṣi himoglóbìn mìíràn, C, wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá ju bí ó ti wà láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Nàìjíríà yòókù lọ. Èyí ṣe pàtàkì fún wa, nítorí pé ẹni tí ó jẹ́ AS tí ó fẹ́ ẹni tí ó jẹ́ AC lè bí ọmọ SC, irú àrùn kan tí ó sábà máa ń rọjú ju SS lọ ṣùgbọ́n tí ó lè ba ojú jẹ́, tí ó sì léwu fún aboyún.

Ní Èkó, ìyípadà mìíràn ń ṣẹlẹ̀. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, tí a sì ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn àlejò láti ìlú òkè ń ya wọ Mùṣín, Yábàá àti àyíká Ojú Ẹlẹ́gbà. Nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ń fẹ́ ọmọ Èkìtì tí wọ́n jọ wọ mọ́tò ibi iṣẹ́, alárinà kò sì mọ agbo ilé ẹnìkankan mọ́. Àṣà ìwádìí, tí kò tilẹ̀ lè rí àrùn yìí tẹ́lẹ̀, ti wá pàdánù agbára ìwọ̀nba tí ó ní. Sáà yìí gan-an ni LUTH bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tí ó wà níbẹ̀, ṣe àkójọ ìmọ̀ nípa àrùn náà ní Nàìjíríà nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1989, òun náà ni ó sì dá Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ ní 1994.

Àgbáyé pẹ̀lú wá fiyè sí i. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí 24 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà ni ó ń gbé àmì náà, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú àrùn náà lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí nìkan. Ní Oṣù Kejìlá 2008 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 19 Oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún ìlanilọ́yẹ̀ lórí rẹ̀.

Ewé àti egbò nínú ìtàn yìí

Kò tọ́ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òkèèrè nìkan ni ìmọ̀ ti wá. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs, láti Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó fi hàn pé omi egbò orin àtà, igi tí a ń rin lẹ́nu láràárọ̀, lè dá sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí nínú ìgò àyẹ̀wò.

Ìtàn kejì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá kan, Àlùfáà P. O. Ogunyale, mú àgbo ìdílé rẹ̀ wá fún ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Charles Wambebe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dán an wò lára aláìsàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Niprisan. Ní 2002 ni a fún ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà ní àṣẹ láti máa ṣe é tà; ní Oṣù Keje 2006 ni Ààrẹ Olusegun Obasanjo ṣí i sójú ọjà lábẹ́ orúkọ Nicosan. Ní 2008 ni Xechem wọ gbèsè, ìpèsè oògùn náà sì forí ṣánpọ́n.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Èkíní, ìdílé tí ó ní àgbo fún àrùn kan ní láti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo oníṣègùn wa ni ó fi ọmọ sílẹ̀ fún èrò àbíkú. Èkejì, àgbo tí a kò yẹ̀ wò, tí a kò sì díwọ̀n, kò lè rọ́pò ìtọ́jú dókítà. Bí Niprisan ṣe di ohun tí ayé gbọ́ ni pé ẹni tí ó ni ín gbà kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwádìí àtijọ́ ní aṣọ tuntun

Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù tí ọ̀pọ̀ ìjọ àti mọ́sáláṣí ń béèrè lónìí kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀ ni arọ́pò àṣà ìwádìí. Ohun tí ojú alárinà kò lè rí ni ó ń rí. Ìyàtọ̀ ńlá kan sì wà: ìwádìí àtijọ́ ń dá ìdílé kan lẹ́bi, àyẹ̀wò tuntun ń fi hàn pé ìpín baba àti ìpín ìyá dọ́gba. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ SS kò rìn lọ́sàn-án gangan; ọkọ rẹ̀ fi S kan sílẹ̀, òun náà fi S kan sílẹ̀.

Síbẹ̀, ewu wà níbẹ̀. Èsì àyẹ̀wò tí kò péye ti mú kí àwọn kan fẹ́ ara wọn tí wọn ì bá má fẹ́, ó sì ti tú àwọn mìíràn ká láìnídìí. Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ṣègbéyàwó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì ṣe é kí ìfẹ́ tó wọra. Ewu kejì ni pé kí a sọ ẹni tí ó jẹ́ SS di ẹni ìtanù gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ilé elẹ́tẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹni tí ó jẹ́ SS lè fẹ́ ẹni tí ó jẹ́ AA, kò sì ní sí ọ̀kan nínú ọmọ wọn tí yóò ní àrùn náà.

Ìtọ́jú pẹ̀lú ti yí padà. Oògùn hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àgbàlagbà tí ó ní àrùn yìí ní 1998, ń dín ìrora kù. Ní 2011 ni ilé-ìwòsàn Yunifásítì Benin ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣe iṣẹ́ pípààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun fún aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 2023 ni Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń tún àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kọjá agbára mẹ̀kúnnù.

Iṣẹ́ olùkọ́

Ìmọ̀ tí ó wà ní Ìdí-Àràbà kò ní ṣe ọmọ tí ó wà ní kíláàsì láǹfààní bí kò bá dé etí òbí rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Olùkọ́ ni afárá náà. Ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa tó láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ àjogúnbá. Kí a fi ẹyọ funfun kan àti ẹyọ pupa kan sínú ife méjì, kí ọmọ méjì di ojú, kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan. Bí a bá ṣe é títí, kíláàsì yóò rí i pé pupa méjì a máa pàdé ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Kí a tẹnu mọ́ ọn pé lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan ni a ń dá ẹyọ padà sínú ife: oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìmú tuntun. Tọkọtaya tí ó bá rò pé níwọ̀n ìgbà tí àkọ́bí ti jẹ́ SS, mẹ́ta tí ó kù yóò yè, ń tan ara wọn jẹ.

Nínú kíláàsì, kí olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ tí ó ní àrùn yìí nílò omi púpọ̀, a sì máa tọ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kí a má fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí ó ń tọrọ àyè lọ sí ilé ìtọ̀. Òtútù, òjò àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó lè bẹ̀rẹ̀ ìrora rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ó bá ń mí gúlegúle, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ tàbí apá rẹ̀ kan rọ lójijì, ilé-ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá pa ilé-ìwé jẹ, kí a bá a tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, kí a má pè é ní ọ̀lẹ. Kí a sì jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé àrùn náà kì í ràn. Ibùsùn kan náà àti abọ́ kan náà kò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé Yorùbá mọ àìsàn ìdílé, wọ́n sì dá fòníkú-fọ̀ladìde mọ̀ débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì ní àgbo fún un. Ohun tí kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó wọn ni ọ̀nà láti rí àmì àrùn lára ẹni tí kò ṣàìsàn. Nítorí èyí ni ẹ̀bi fi wọ́ sórí ọmọ àti ìyá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò pa àṣà wa rẹ́. Ó parí iṣẹ́ tí àṣà ìwádìí bẹ̀rẹ̀ tí kò lè ṣe tán. Ohun tí ó kù ni pé kí a fi èdè wa sọ ọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní girama àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ọ̀dọ́ tó dé ọjọ́ orí ìgbéyàwó. A dábàá pé kí àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fọwọ́ so pọ̀ mọ́ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì láti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ yìí mu, kí wọ́n sì máa gba ìtàn ìlera sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ìdílé. Ọmọ tí wọ́n sọ ní Dúrójayé lánàá, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni òbí rẹ̀ ní láti fi dá a dúró. Ohun tí ó ju ẹ̀bẹ̀ lọ ti wà lọ́wọ́ tiwa.